Bí wọ́n bá "so" ó, ṣé wọn ò ní lè tú u?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ilé. Los Angeles ni mo wà. Àwọn obìnrin Latina tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ládùúgbò ní ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń la aláboyún lóye kó tó buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní 1975, obìnrin 10 tí wọ́n jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò pe àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba kan níbí lẹ́jọ́. Orí ìrọbí ni wọ́n ti gbé ìwé fún àwọn kan nínú wọn, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò gbọ́ dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé wọ́n "so" ("tie") ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, nítorí náà àwọn míì rò pé ohun tí wọ́n bá so ṣeé tú. Antonia Hernández wà lára agbẹjọ́rò wọn, ṣùgbọ́n ní 1978 adájọ́ dá àwọn dókítà láre.

Ibi "so" yẹn gan-an ni mo há sí. Mo kọ "so ilé ọmọ". Ìyá kan kà á, ó bi mí pé ìgbà wo ni wọn á wá tú u! Mo yí i sí "gé", ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n á rò pé wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ ni. "Ìfètòsọ́mọbíbí" ńkọ́? Oògùn oníhóró àti abẹ́rẹ́ náà wà nínú ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, gbólóhùn wo gan-an lẹ fi ń sọ ọ́ fún obìnrin, tó fi máa yé e pé òun ò ní bímọ mọ́ láé, àti pé ilé ọmọ òun ṣì wà níbẹ̀?