Ẹ gbà mí o: mo ń wá máníjà ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé ni kó bẹ̀rẹ̀

MàmáTòbí_Apẹtẹ (Ìṣẹ́gun, 9:47 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ta lẹ mọ̀ tó lè ṣe máníjà ilé búrẹ́dì? Kó mọ iṣẹ́, kó sì ṣeé fọkàn tán. Àwọn kan ṣí tiwọn sí ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń gba ọjà lọ́wọ́ mi sì ń dín kù lójoojúmọ́. Mi ò lè dá a ṣe mọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí ni kẹ́ ẹ júwe fún mi o, ẹ jọ̀ọ́.

ỌmọMọ́kọ́lá (10:02 alẹ́)
Ẹ kú ìnira, mà. Àpò mélòó lẹ̀ ń pò lójúmọ́? Ṣé lápá afárá lẹ wà àbí lókè? Àwọn ọmọ Poly ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé?

AyaOlùkọ́ (10:10 alẹ́)
Àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí HND, ìmọ̀ òwò ló kà. Kò tíì ṣiṣẹ́ búrẹ́dì rí, àmọ́ ọmọ dáadáa ni, ó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Adé_Challenge (10:31 alẹ́)
Màmá Tòbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Lọ́dún 2021, èmi náà gba máníjà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé. Èèyàn méjì ló dúró fún un, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sùn bí ọmọdé. Ọjà ń lọ, gbogbo alẹ́ ló ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sórí fóònù mi. N kò mọ̀ pé ohun tó bá wù ú ló ń kọ síbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìyá kan tó máa ń gba búrẹ́dì ogójì lọ́wọ́ mi láràárọ̀ pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kó lọ sí Abẹ́òkúta?” Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Máníjà mi ló sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi fláwà mi po búrẹ́dì tirẹ̀ lóru, ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló sì ń bá a ṣe é. Àwọn mẹ́tàlélógún ló ń gba ọjà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mẹ́rìnlá ti bá a lọ.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni gbèsè. Owó tí àwọn obìnrin yẹn jẹ mí, ó ti gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi ìwé mi sílẹ̀ bí ẹni pé wọn ò tíì san. Mo lọ bá wọn jà ní ojúde wọn lórí owó tí wọ́n ti san tán. Ó ń dùn mí títí dòní, ó ju owó lọ. Mo ta ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ọjà, ìyàwó mi ta wúrà rẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹ jókòó ti iṣẹ́ yín fúnra yín, mà.

Ọmọ_Òjé (10:36 alẹ́)
Háà! Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ fi ọlọ́pàá mú un?

Adé_Challenge (10:40 alẹ́)
Mo fi mú un. Owó tí mo ná sídìí ẹjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó jí. Mo fi í sílẹ̀.

Ṣadé_Mọ̀níyà (10:52 alẹ́)
Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹbí ni kéèyàn fi sídìí òwò. Ọmọ ìyá ẹni ò lè tú ilé ẹni.

Bàbáa_Kẹ́hìndé (11:05 alẹ́)
Ṣadé, ẹ má fi ìyẹn tan ara yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi sídìí ilé omi inú ọ̀rá mi. Owó ń sọnù, mo rí i, mo bá a wí. Ìyá rẹ̀ pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Àwọn àgbà mẹ́fà jókòó, wọ́n ní kí n bẹ̀ ẹ́. Àjèjì tó bá jalè, mo lè lé e lọ lọ́jọ́ kan náà. Ta ló fẹ́ bá mi lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Ṣadé_Mọ̀níyà (11:09 alẹ́)
Tiyín nìyẹn, sà. Àbúrò mi ti wà nídìí tèmi fún ọdún mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ kò dín rí.

Bàbáa_Kẹ́hìndé (11:11 alẹ́)
Kí Ọlọ́run jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ máa ń ka ọjà inú sítóò fúnra yín?

Oníṣirò_Bódìjà (Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú sí mi. Olè ni ọkùnrin yẹn, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ sítóò, ìwé àwọn agbàtà, owó, àti àṣẹ lórí àwọn ọmọ iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ àjèjì, ẹni tó bá ń gbé fláwà jáde kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba owó, ẹni tó ń gba owó kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé gbèsè. Kí àwọn agbàtà máa san owó tààrà sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́. Kí oníṣòwò fúnra rẹ̀ máa pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lọ́sẹ̀, kó bi wọ́n pé èló ló kù lọ́rùn yín? Ìpè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ì bá ti tú àṣírí rẹ̀ láti oṣù kejì.

Adé_Challenge (6:48 àárọ̀)
Ẹ̀gbọ́n, ó rọrùn láti sọ. Ìgbà tí mo jí ní aago mẹ́ta òru, tí mo wa ọkọ̀, tí mo gba ilé báńkì lọ, tí mo tún dé ìdí óòfù, ìgbà wo ni mo fẹ́ pe agbàtà? Ìdí tí mo fi gba máníjà nìyẹn.

Oníṣirò_Bódìjà (6:55 àárọ̀)
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ìyẹn mọ́ yín lọ́wọ́.

ẸlẹńjínnìSángo (7:30 àárọ̀)
Tí ẹ bá fẹ́ ra óòfù tuntun, ẹ fi ti dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ti gáàsì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá àdúgbò yín wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn máa tó ogún wákàtí lójúmọ́, torí láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná Band A ti fò sókè, míkísà ńlá sì máa ń jẹ iná. Mo lè bá yín wo èyí tí wọ́n ti lò rí.

Aláàrò_láti_Ẹdẹ (8:15 àárọ̀)
Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó tó ń gba ọwọ́ máníjà lọ, kò sẹ́ni tó bi Màmá Tòbí bóyá òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé fláwà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àpò fláwà kan jẹ́ kílò 50. Tí ẹ bá po omi, ṣúgà àti bọ́tà mọ́ ọn, ó máa tó bíi kílò 80. Tí ẹ bá ń gé e ní gíráàmù 800, búrẹ́dì 100 ni. Ọmọ tó bá ń fojú díwọ̀n máa gé e ní 850 láìmọ̀, torí ọwọ́ èèyàn máa ń wúwo tó bá ti rẹ̀ ẹ́. 94 ló kù yẹn. Búrẹ́dì mẹ́fà ti lọ lórí àpò kan, kò sẹ́ni tó jalè. Ẹni tó ń po àpò mẹ́wàá pàdánù ọgọ́ta búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Máníjà tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ po fláwà kò ní rí èyí láé, ìbáà ka ìwé tó.

Ọmọ_Òjé (8:40 àárọ̀)
Bàbá, ẹ ṣeun. Ó sì lè jẹ́ pé bromate, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ fláwà, làwọn tuntun yẹn ń lò o, kí búrẹ́dì wọn fi wú.

Aláàrò_láti_Ẹdẹ (8:52 àárọ̀)
Ọmọ mi, má fi ẹnu kó bá ẹni tí o kò rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí NAFDAC ti fòfin de bromate. Tó o bá ní ẹ̀rí, lọ fi tó wọn létí. Búrẹ́dì tí wọ́n jẹ́ kó sinmi dáadáa kó tó wọ óòfù náà máa ń wú.

MàmáTòbí_Apẹtẹ (1:17 ọ̀sán)
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ni. Àpò mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀, mẹ́fà ni báyìí. Àwọn tuntun yẹn ń fún àwọn agbàtà ní méjìlá lówó mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n Adé, ọ̀rọ̀ yín kò jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n máníjà ni mo ṣì ń wá o.

AláṣọGbági (2:05 ọ̀sán)
Aṣọ ni mò ń tà, mi ò mọ búrẹ́dì, àmọ́ mo mọ ẹni tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ẹ má sáré dín owó kù, mà. Ẹ ṣírò tiwọn ná. Ká ní 1,000 náírà ni wọ́n ń gbé búrẹ́dì kan fún agbàtà. Tí wọ́n bá fún un ní méjìlá lówó mẹ́wàá, 833 náírà ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń ná yín jọ, fláwà, ṣúgà, yíìsì, ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń dì í, gáàsì, owó ọmọ iṣẹ́, kẹ́ ẹ mọ iye tí búrẹ́dì kan jẹ́ kó tó jáde. Tó bá jẹ́ 850, á jẹ́ pé wọ́n ń fi owó ra oníbàárà, ẹ wo bí owó wọn ṣe lè pẹ́ tó. Tó bá jẹ́ 700, wọ́n ń jèrè, ó sì yẹ kẹ́ ẹ wá ibòmíràn tẹ́ ẹ ti lè jù wọ́n lọ.

Ìgbà tí ẹnì kan ṣe irú rẹ̀ fún mi, aṣọ tí mo mọ̀ pé kò ní, ìyẹn ni mo kó sí iwájú. Mo fi ankárá sílẹ̀ fún un fún oṣù mẹ́rin. Aago mélòó ni búrẹ́dì tiyín ń dé ọwọ́ agbàtà? Aago mélòó ni tiwọn?

Ìtàn_Èkó (2:40 ọ̀sán)
Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín, mà. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tí wọ́n pè ní Ọba Búrẹ́dì ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá sí Nàìjíríà. Kì í ṣe inú búrẹ́dì ni wọ́n bí i sí.

Ṣadé_Mọ̀níyà (3:02 ọ̀sán)
Mo ka sítóò mi lónìí nítorí ọ̀rọ̀ Bàbáa Kẹ́hìndé. Ó pé. Àbúrò mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ń bínú.

Bàbáa_Kẹ́hìndé (3:10 ọ̀sán)
Ẹ bẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ tún kà á lóṣù tó ń bọ̀.

AyaOlùkọ́ (Ọjọ́bọ̀, 9:00 àárọ̀)
Màmá Tòbí, àbúrò ọkọ mi ní ẹ ò tíì pe òun o.

MàmáTòbí_Apẹtẹ (Àbámẹ́ta, 8:26 alẹ́)
Ẹ kú ìsinmi. Mo ní kí n wá jábọ̀. Mi ò gba máníjà mọ́. AyaOlùkọ́, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín.

Ìyá kan wà tó ti ń gbé igbá búrẹ́dì mi kiri láti ìgbà tí mò ń po ààbọ̀ àpò lójúmọ́. Ọdún kọkànlá rèé. Kò kàwé. Nígbà tí àwọn tuntun pè é pé kó wá gba méjìlá lówó mẹ́wàá, òun ló wá sọ fún mi, ó ní òun ò lọ, àmọ́ kí n mọ̀ pé àwọn yòókù máa lọ. Mo lọ bá a nílé lánàá, mo ní kó wá ṣe olórí gbogbo àwọn agbàtà, màá máa fún un ní owó oṣù, màá sì fún un ní ẹ̀bùn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá mú padà. Ó sunkún. Òun náà ló sọ fún mi pé ìlàjì àwọn tí mo rò pé wọ́n ti sá, àwọn ọmọ Poly ni wọ́n ń tà fún, àwọn ọmọ náà sì wà ní ìsinmi. ỌmọMọ́kọ́lá, ìwọ lo béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò dáhùn, má bínú.

Ìwé gbèsè máa wà lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin. Kọ́kọ́rọ́ sítóò wà lọ́rùn mi. Méjìlá lówó mẹ́wàá, mi ò ṣe é. Tiwọn kì í dé títí di aago mẹ́fà àbọ̀. Tèmi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní aago márùn-ún, kó gbóná.

Oníṣirò_Bódìjà (8:41 alẹ́)
Ẹ kú oríire, mà. Mo kàn ń rò pé ọmọ yín nídìí ìwé, ẹ ò ní lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ronú sí i.

Adé_Challenge (8:50 alẹ́)
Ìyá tó bá fúnra rẹ̀ wá sọ fún yín, mo gba tirẹ̀. Ẹ ṣáà máa pe àwọn agbàtà yín, ẹ má ṣe bíi tèmi.

MàmáTòbí_Apẹtẹ (8:55 alẹ́)
Màá pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá Aláàrò, mo yẹ tábìlì wò. Kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Níbo ni mo ti lè rí èyí tó dáa rà kí ọjọ́ Ajé tó dé?

Aláàrò_láti_Ẹdẹ (9:14 alẹ́)
Ẹ wọ Ògùnpa. Ẹ ra iyọ̀ tàbí ṣúgà kílò kan tí wọn ò tíì tú dání lọ, ẹ gbé e lé e kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá ka 1,000 gíráàmù tàbí díẹ̀ lé e nítorí ọ̀rá rẹ̀, ẹ dá a padà fún un.