Ìdápadà, ìjọ̀wọ́, yíyá: ẹ má jẹ́ ká lù wọ́n pọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí "ìdápadà" dúró fún gbogbo ohun tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù òkèèrè ń ṣe lórí ẹrù tí àwọn amúnisìn kó lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù Berlin tọwọ́ bọ̀wé pé Nàìjíríà ló ni iṣẹ́ ọnà Benin 512 tó wà níkàáwọ́ wọn, ìyẹn lára ìkógun ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ààfin Ọba Ovonramwen. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ṣì wà ní Berlin. Nàìjíríà ló fi wọ́n yá Berlin.

Ti Kumasi, ìlú ọba Asante ní Ghana, yàtọ̀ pátápátá. Lọ́dún 2024, mùsíọ́ọ̀mù London méjì, British Museum àti V&A (Victoria and Albert Museum), kó ohun ọba Asante 32, tí wúrà pọ̀ nínú wọn, lọ sí ààfin Manhyia. Ẹrù délé, London ló ṣì ni ín. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn, wọ́n sì lè fi mẹ́ta lé e. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1963, tó fi ààlà sí ẹrù tó lè yọ̀ǹda, ni British Museum máa ń nà síta bí wọ́n bá ní kó yọ̀ǹda nǹkan.

Bí a bá pe méjèèjì ní ìdápadà, a ti bá London gba ọpẹ́ oúnjẹ tí kò sè.

Àbá tèmi: "ìjọ̀wọ́" fún ti Berlin, nítorí ẹ̀tọ́ ni wọ́n jọ̀wọ́, "yíyá" fún ti Kumasi. Ẹnìkan ní yíyá yóò bu Asante kù. Ṣé àwa la bù wọ́n kù ni? A kì í yáni ní ohun tí kì í ṣe tẹni; kí ọ̀rọ̀ náà máa ta òǹkàwé létí, kó lè béèrè ohun tó sọ London di olóhun. Ká fi "ìdápadà" pamọ́ fún irú ti Abomey, ìlú ọba Dahomey àtijọ́ ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin: Faransé ṣòfin ní 2020, ohun 26 sì gúnlẹ̀ sí Cotonou ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tẹ̀tọ́tẹ̀tọ́.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ẹni tí a ń dá ẹrù padà fún. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari kéde pé Ọba Benin ló ni àwọn iṣẹ́ ọnà náà. Ẹni tó bá gbọ́ Ẹ̀dó, èdè Benin, dáadáa láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe irú ìdápadà yìí láàfin Ọba Benin?