Ẹ gbà mí o: true bypass tí mo ní kí wọ́n ṣe sí wah mi ti fẹ́ lé mi kúrò lórí pẹpẹ

Onígìtá Challenge:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú group yìí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ẹ bá mi fara dà á. Inú ló ń bí mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá, lápá Challenge níbí. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dijú, ká dúró jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa. Ilé pa lọ́lọ́. Mo ní kí n rọra tẹ wah mi, pẹ́dàlì ẹlẹ́sẹ̀ tó ń mú gìtá ké bí "wáà", kí n fi ohùn kékeré sábẹ́ àdúrà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, PÁÒ! nínú gbogbo sípíkà. Màmá àgbà kan níwájú ké "Jésù!" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Kọáyàmásítà wò mí bí ẹni tó mú olè.

A ṣe ìsìn tán, ẹni tó ń mójú tó míkísà tún wá ń jágbe mọ́ mi lójú gbogbo kọáyà pé mo fẹ́ ba sípíkà ìjọ jẹ́. Ọmọ àná! Èmi ni mo mú un wọ ẹgbẹ́ náà o.

Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé true bypass, ìyẹn kí ohùn gìtá máa kọjá tààrà láìwọ sákíìtì pẹ́dàlì tí èèyàn bá pa á, ló dáa jù. Mo gbé wah mi fún bọ̀dá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀ pé kó bá mi pààrọ̀ ṣúwíìṣì. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Látìgbà náà ló ti ń dún páò, ohùn gìtá mi sì ti kú, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n lọ gba owó mi ni, àbí kí n kúkú mú ọlọ́pàá lọ?

Ìyá Ìbejì Alto:
Ọlọ́pàá kẹ̀! Nítorí páò? Wọ́n ní kí ẹ dákẹ́, ìwọ ń wá ohun tí o máa tẹ̀.

Bàbá Màpó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Nígbà tí àwa ń ta jùjú, a máa ń ṣeré ní Màpó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ampilífáyà kan, wáyà kan, ó parí. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dá wa lóró. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó kú nígbà tí olówó ayẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ náírà síta, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n pẹ́dàlì tí ẹ ń sọ yìí, ṣé irú èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé ni?

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Rárá, Bàbá. Pedal steel nìyẹn, ohun èlò orin gan-an ni, ìjókòó ni wọ́n ti ń ta á. Èyí tí à ń sọ ni àpótí kékeré tó máa ń wà nílẹ̀, tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè yí padà.

Onígìtá Challenge, o sọ̀rọ̀ púpọ̀, o ò sì sọ èyí tá a fẹ́ gbọ́. Wah wo ni? Ṣúwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mélòó ni bọ̀dá yẹn fi sí i?

Onígìtá Challenge:
Cry Baby ni, ti àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wá láti London. Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí kọáyàmásítà sọ fún mi lọ́jọ́rú o. Ó ní bí mi ò bá lè ṣàkóso ẹsẹ̀ mi, kí n bọ́ sọ́dọ̀ àwọn alárinkiri.

Gbẹ̀du Àpáta:
Tà á. Ra tuntun.

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Ẹsẹ̀ mélòó?

Onígìtá Challenge:
Mẹ́sàn-án. Mo ṣí abẹ́ rẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ mọ́ níbẹ̀, téèpù dúdú ló fi yí gbogbo ẹ̀ ká.

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Téèpù yẹn ò burú. Àyè tó wà lábẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ wah há, ẹsẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan irin ìdérí ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣúwíìṣì tó bá Cry Baby àtijọ́ wá, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní. Tó o bá pa wah, ibi tí ohùn ń gbà jáde nìkan ló ń yí padà. Ibi tó ń gbà wọlé ṣì so mọ́ sákíìtì, sákíìtì á sì máa mu nínú ohùn gìtá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án á já a níwá àti lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù á wà fún LED, iná kékeré tó ń fi hàn pé wah wà ní títàn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é nìyẹn.

Ti páò: kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná, wà lẹ́nu àbáwọlé wah, kò sì sí kàpásítọ̀ tí kì í jò díẹ̀. Bí ṣúwíìṣì bá ti já a, ojú rẹ̀ kan ò so mọ́ nǹkan kan mọ́, iná á máa gbára jọ síbẹ̀. Ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á ya lọ sínú sípíkà lẹ́ẹ̀kan náà. Wá résítọ̀ 1 megohm, àwọ̀ ìlà ara rẹ̀ ni búráùn, dúdú, gíríìnì. Kí bọ̀dá yẹn fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó orí kan mọ́ àbáwọlé sákíìtì, kó jó ìkejì mọ́ earth. Kò ní mu ohùn, iná yẹn á sì rí ibi gbà lọ. Owó rẹ̀ ò tó owó gúgúrú.

Alága Tone:
Ohun tí mo máa ń bá ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wí nìyí. Ẹ ti gbọ́ "true bypass" lẹ́nu òyìnbó, ẹ ti gbé irin gbígbóná. Àwọn pẹ́dàlì kékeré Boss ti wà láti 1977, buffer, sákíìtì kékeré tó ń ti ohùn lẹ́yìn, ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn títí dòní. Ṣé àwọn ará Japan ò gbọ́n ni?

Gbẹ̀du Àpáta:
Alága, ẹ rọra. Ẹ gbé buffer síwájú fuzz àtijọ́, pẹ́dàlì tó ń mú ohùn gìtá há, bíi Fuzz Face, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa ṣe wérewère. Buffer kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn.

Alága Tone:
Ta ló dárúkọ fuzz? Inú ìsìn lo fẹ́ ta fuzz sí?

Ìyá Ìbejì Alto:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́rọ̀. Ọmọ, fi résítọ̀ sí i. Má mú ọlọ́pàá lọ.

Onígìtá Challenge:
Mo ti gbọ́ ti résítọ̀. Ohùn tó kú ńkọ́? Ó ti ba gìtá mi jẹ́ ni.

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Ṣé ó fọwọ́ kan gìtá ni? Yọ wah kúrò pátápátá, kí o ki wáyà bọ gìtá tààrà. Kí lo gbọ́?

Onígìtá Challenge:
Mo ti ṣe é. Bákan náà ni, ó ṣì dí. Mo ṣáà sọ fún yín.

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
A jẹ́ pé ọwọ́ wah ti mọ́ nìyẹn. Wáyà rẹ gùn tó báwo?

Onígìtá Challenge:
Láti orí pẹpẹ dé ẹ̀yìn ìjọ, nídìí míkísà. Á tó mítà 20. Wáyà yẹn ò ṣe nǹkan kan, òun la ń lò látẹ̀yìnwá, nígbà tí pẹ́dàlì chorus mi ṣì wà ńlẹ̀ ó ń dún ketekete.

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Chorus wo?

Onígìtá Challenge:
Boss kan báyìí, aláwọ̀ búlúù. Mo tà á kí n lè rí owó ṣúwíìṣì àti owó iṣẹ́ san. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí, mi ò kì í sábà tẹ̀ ẹ́ pàápàá.

Gbẹ̀du Àpáta:
Yéè!

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Ó kàn án gan-an! Mítà kan wáyà gìtá máa ń ní kàpásítáǹsì, ìyẹn agbára láti gba iná pamọ́ bíi ti kàpásítọ̀, tó tó 100 pF. Ìlọ́po 20 rẹ̀ ń jẹ ohùn tó tinrín, torí agbára tó ń jáde látinú gìtá lásán ò tó láti tì í dé ẹ̀yìn ìjọ. Buffer inú chorus yẹn ló ń bá ọ tì í. O ò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n iná ti wà lára rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. O ta ẹni tó ń gbẹ́rù fún ọ, o wá ń bá bọ̀dá Dùgbẹ̀ jà.

Onígìtá Challenge:
Gbogbo ibi tí mo kà á, kò síbi tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. True bypass ni wọ́n ní kí èèyàn ṣe, mo sì ṣe é. Ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó béèrè wáyà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Màpó:
Ẹ ò wá ra wáyà kúkúrú?

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà:
Bàbá sọ òótọ́ kan. Ní kí ìjọ gbé DI box, àpótí tó ń mú kí wáyà máìkì lè gbé ohùn gìtá lọ jìnnà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí pẹpẹ, wáyà kúkúrú ní tìrẹ, wáyà máìkì láti ibẹ̀ lọ. Active, èyí tó ń lo iná, ni kí wọ́n rà, ó lè máa gba iná 48 volt látinú míkísà. Passive tún lè jẹ nínú ohùn gìtá rẹ.

Onígìtá Challenge:
Kí n lọ bẹ ẹni tó ń mójú tó míkísà? Láéláé. Màá ra chorus mi padà ni. Alága Tone, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ rà á.

Ìyá Ìbejì Alto:
Háà! Alága, ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ wá ń bá ọmọ yìí wí látàárọ̀?

Alága Tone:
Ọjà ti parí láàárín àwa méjèèjì. Mo ra bátìrì tuntun sí i, mo sì nù ún mọ́. Kì í ṣe iye tí mo rà á ni màá tà á.

Onígìtá Challenge:
Èló?

Alága Tone:
Bọ́ sí inbox.