Òfin tí mo kọ sínú flow table Open vSwitch kò mú packet kankan

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo gbé switch Open vSwitch kan (switch tí a fi software ṣe), s1, kalẹ̀ nínú Mininet (ètò tó ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà) láìsí controller (ètò tó máa ń pàṣẹ fún switch). Kọ̀ǹpútà h1, tó ń jẹ́ 10.0.0.1, wà ní port 1; h2, tó ń jẹ́ 10.0.0.2, wà ní port 2. OpenFlow 1.3 (ìlànà tí a fi ń fún switch ní òfin) ni mo ń lò, òfin méjì péré ni mo sì kọ sínú flow table, ìyẹn àtẹ òfin tí switch ń tẹ̀ lé:

priority=100,ip,nw_dst=10.0.0.2,actions=output:2
priority=100,ip,nw_dst=10.0.0.1,actions=output:1

Síbẹ̀, bí h1 bá ping h2, “Destination Host Unreachable” ni mo ń rí, n_packets (iye packet, ìyẹn ẹyọ dátà, tí òfin ti mú) òfin méjèèjì kò sì kúrò ní 0 nínú dump-flows, àṣẹ tó ń fi àwọn òfin inú switch hàn. Ṣé priority tí mo fún wọn ló kéré jù ni?

Ìdáhùn kìíní

Priority kọ́ ló fà á. Lóòótọ́ ni nọ́ńbà tó bá ga jù ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n ìgbà tí òfin méjì bá lè mú packet kan náà nìkan ni èyí já mọ́ nǹkan, àwọn òfin tiyín kò sì forí gbárí. ARP (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá àdírẹ́sì MAC, ìyẹn àdírẹ́sì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti kọ̀ǹpútà mìíràn) ni ẹ gbàgbé. Kí h1 tó lè fi packet IP kankan ránṣẹ́ sí h2, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì MAC rẹ̀. Ethertype (nọ́ńbà tó ń sọ irú packet) ìbéèrè yẹn jẹ́ 0x0806, bẹ́ẹ̀ 0x0800 nìkan ni “ip” inú òfin yín ń mú. Ní OpenFlow 1.3, packet tí kò bá òfin kankan mu, nínú table tí kò ní òfin table-miss (òfin priority=0 tó ń mú packet tí òfin yòókù kò mú), ṣe ni switch máa dà á nù. Ẹ fi èyí kún un (FLOOD ń rán packet jáde ní gbogbo port yàtọ̀ sí èyí tó gbà wọlé):

priority=100,arp,actions=FLOOD

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn kọ priority=0,actions=NORMAL kí ẹ sì sinmi, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, torí pé NORMAL ń sọ switch di switch lásán tó ń kọ́ àdírẹ́sì MAC fúnra rẹ̀: ping á lọ, ẹ kò sì ní mọ òfin tiyín tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún FLOOD náà bí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá yípo, nítorí ARP kan ṣoṣo lè máa yí kiri láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ bá wá pín òfin sí table púpọ̀, table kọ̀ọ̀kan ló nílò table-miss tirẹ̀, goto_table (àṣẹ tó ń gbé packet lọ sí table mìíràn) kò sì lè padà sẹ́yìn. Ẹ lo èyí kí ẹ lè rí òfin tó mú packet gan-an:

ovs-appctl ofproto/trace s1 in_port=1,arp

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ping ti ń lọ. Ṣé mo lè yọ “ip” kúrò kí òfin lè kúrú, kó ku nw_dst nìkan?

Ìdáhùn kejì

Rárá o. Láìsí “ip”, ovs-ofctl (ètò tí a fi ń kọ òfin sínú switch) á fojú fo nw_dst, òfin náà á sì máa mú gbogbo packet, tó fi mọ́ ARP.