Ọjọ́ mẹ́ta ní Florence: ibo ni kí n kọ́kọ́ yà, wáìnì wo ni kí n rà?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ lọ sí Florence ní Ítálì lóṣù Kẹwàá, ọjọ́ mẹ́ta péré. Iṣẹ́ ọnà ló ń gbé mi lọ, pàápàá iṣẹ́ idẹ, torí iṣẹ́ wa ní Òṣogbo níbí nìyẹn. Mo sì fẹ́ ra ìgò wáìnì méjì bọ̀. Ṣé dandan ni kí n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti ilé? Kí ló sì máa ń ba fíìsà jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi wẹ́wẹ́.

Arìnnàkore:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fíìsà kúrò nílẹ̀. Fíìsà Schengen ni, ìyẹn ìwé ìwọ̀lú kan tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọ̀dọ̀ Ítálì lẹ ó sì ti tọrọ rẹ̀. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń yẹ ìwé wò bí ohun gbogbo bá lọ geere, ó sì lè di 45 bí wọ́n bá ń wádìí nǹkan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yọjú láti tẹ̀ka, nítorí náà ẹ ka owó ọkọ̀ Òṣogbo sí Èkó mọ́ ìnáwó yín. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ní Yúróòpù, kí ojú ewé 2 sì ṣófo nínú rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ìnṣọ́ránsì tí kò tó yúrò 30,000, tàbí èyí tó fo ọjọ́ kan nínú ìrìn-àjò, kò wúlò rárá. Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ máa dé àti ọjọ́ tí ẹ máa padà mọ́ ọn. Ti báńkì ló tẹ̀ lé e: owó ńlá tó já wọlé lójijì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan máa ń mú ìfura wá. Bí ẹnìkan ló fún yín, ẹ fi lẹ́tà rẹ̀ àti ẹ̀rí ibi tó ti rí owó náà sí i.

Ojú Ọnà:
Dandan ni tíkẹ́ẹ̀tì. Uffizi àti Accademia (ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí), àti òkè kúpólà, ìyẹn òrùlé rìbìtì Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, wákàtí tí ẹ máa wọlé ló máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ti kúpólà ló sì máa ń tètè tán. Uffizi àti Accademia kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ṣùgbọ́n èrò ọjọ́ náà kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan wò dáadáa. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Duomo gan-an kò gba owó. Ẹ sáà bo èjìká àti orúnkún.

Àtẹ̀gùn 463 ló dé òkè kúpólà, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Láàárín ògiri méjì tí Brunelleschi, ẹni tó kọ́ kúpólà náà, mọ sínú ara wọn, láti 1420 sí 1436, lẹ ó máa gbà kọjá. Ó há, ẹni tí ibi tóóró bá ń bà lẹ́rù kó fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé idẹ ló ń gbé yín lọ, ẹ má lo gbogbo agbára yín lórí ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́, tó wà ní Accademia. Ó yẹ ní wíwò lóòótọ́, òkúta mábù ni, gíga rẹ̀ lé ní mítà 5, èyí tó sì wà níta ní Piazza della Signoria, àdàkọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ yíjú sí Loggia dei Lanzi, gbọ̀ngàn tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede náà, ọ̀fẹ́ ni. Ère Perseus, akọni inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, tí Cellini fi idẹ ṣe (1545 sí 1554) wà níbẹ̀. Ọ̀nà ìda tí àwọn oníṣẹ́ idẹ wa mọ̀ náà ló gbà: ó fi ìda mọ ère, ó fi amọ̀ bò ó, ó yọ́ ìda jáde, ó sì da idẹ sí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé idẹ fẹ́ dì kí òun tó dà á, lòun bá kó àwọn àwo ilé òun tó ní tin nínú jù sí i, ló bá ń ṣàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Museo dell'Opera del Duomo, ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Duomo sí. Ojúlówó ilẹ̀kùn idẹ tí Ghiberti ṣe fún ilé ìrìbọmi iwájú Duomo (1425 sí 1452) wà níbẹ̀. Àdàkọ ló wà lára ilé ìrìbọmi náà níta. Ẹ sún mọ́ ọn: àwọn èèyàn tó wà níwájú yọ síta débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn kò sì ju ilà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Lára etí ilẹ̀kùn, ẹ wá orí kékeré kan tó pá. Ghiberti fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́gbà Àjàrà:
Ní ti wáìnì, ẹ wo ọrùn ìgò kí ẹ tó sanwó. Chianti Classico, wáìnì pupa agbègbè náà, máa ń ní àmì àkùkọ dúdú níbẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín Florence àti Siena ló ti ń wá, Cosimo III ti ìdílé Medici, tó ń jọba níbẹ̀ nígbà náà, sì ti pààlà rẹ̀ láti 1716. Èso àjàrà Sangiovese inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 80 nínú 100. Èyí tó jẹ́ "Chianti" lásán kì í ṣe òun. Ìpele tó ju Classico lásán lọ ni Riserva, tó máa ń pé oṣù 24 kó tó dé ọjà, àti Gran Selezione, tó máa ń pé oṣù 30. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n, Riserva kan àti Classico lásán kan ni mo fọwọ́ sí, kí ẹ lè fi wọ́n wéra.

Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Florence sí Greve in Chianti, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ wáìnì náà, ó máa ń gbà tó wákàtí kan. Oṣù Kẹwàá, ìkórè lè má tíì parí, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí ilé wáìnì ṣáájú. Ẹ má yá mọ́tò: àárín ìlú Florence ní ibi tí mọ́tò àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ̀, kámẹ́rà ló ń mú èèyàn, ilé ni ìwé ìtanràn máa bá yín. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ìgò kò lè wọ inú ọkọ̀ nínú àpò ọwọ́, torí mílílítà 100 ni òpin ohun olómi níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tì í sí àárín àpótí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.

Arìnnàkore:
Mo fẹ́ fi èyí kún un. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láti Róòmù máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀, Firenze S.M.N. lẹ ó rí lójú pátákó: Firenze ni wọ́n ń pe Florence ní èdè wọn, S.M.N. sì ni ibùdókọ̀ Santa Maria Novella. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì pépà ti ọkọ̀ agbègbè lẹ rà, ẹ tì í bọnu ẹ̀rọ tó ń lù ú lóǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó san owó ìtanràn. Ẹ má sì ra báàgì ayédèrú lójú títì. Wọ́n ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó rà á náà.

Ọmọ Òròkí:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tó bá bọ́ sí Sátidé, Àìkú àti Ajé ńkọ́?

Ojú Ọnà:
Sátidé: Uffizi láàárọ̀, Loggia lẹ́yìn rẹ̀. Àìkú: Accademia, kí ẹ wá lo ọ̀sán níwájú ilẹ̀kùn Ghiberti. Ajé: kúpólà ní kùtùkùtù, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì Greve. Bí Àìkú yẹn bá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ gbé Accademia sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé.