Owó ẹ̀rọ ìhagìgísẹ̀ ti padà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní n ó padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Fún ẹni tí kò bá a láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ kékeré tí ń ha gìgísẹ̀ ni, wọ́n polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n níbí ní London, mo sì rà á fún màmá mi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò gba iná mọ́.

Owó mi ti wọlé láàárọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ pátá! Àwọn tó tà á fún mi kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ohun ìmọ́tótó ara ni, pé mo ti já ọ̀rá rẹ̀. Lóòótọ́, ìyẹn lè dí ọjọ́ 14 tí òfin fún ẹni tí ọjà kàn sú. Ọjà tó bàjẹ́ yàtọ̀ pátápátá: Consumer Rights Act ti ọdún 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà níbí, fún wa ní ọjọ́ 30 láti dá a padà, ká sì gba owó wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n kọ lẹ́tà, kí n dárúkọ òfin náà, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì.

Màmá ti padà sídìí òkúta ìhasẹ̀ àti òrí wọn. Ara mi ti balẹ̀.