Kí ló ń dá iṣẹ́ àwa tá à ń ṣe app dúró gan-an? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Yábàá
Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, app ìsanwó là ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń gbé code tuntun (àṣẹ tá a kọ fún kọ̀ǹpútà) jáde, lálẹ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn. Àwa mọ́kànlá á há sínú yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìn fèrèsé, jọ̀lọ́ọ̀fù á ti tutù nínú ike. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ server, kọ̀ǹpútà tí app ń gbé. Bí kò bá tíì dé, orin là ń gbọ́.

Ní February 2023, nígbà tí owó àtijọ́ ò ná mọ́ tí tuntun ò sì sí nílẹ̀, tó jẹ́ pé transfer làwọn èèyàn fi ń ra ata lọ́jà, a kó àyípadà 37 jáde pa pọ̀. App bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ló dá ọ̀ràn nínú 37? Ilẹ̀ mọ́ bá wa lórí ẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni: tí báńkì bá pẹ́ dáhùn, app á tún fi ìbéèrè owó náà ránṣẹ́, kò sì sí nọ́ńbà tí báńkì lè fi mọ̀ pé owó kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn la mú bọ́tìnnì kékeré kan nínú app, a kọ ìrìn àjò rẹ̀ sára ògiri, láti ọjọ́ tí oníbàárà béèrè fún un títí ó fi dé orí fóònù rẹ̀. Ọjọ́ 23! Ọ̀sán kan la fi kọ code ẹ̀. Ìyókù, ìdúró ni: à ń dúró de ìbuwọ́lù, à ń dúró de àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, à ń dúró de ọ̀gá oní-server. Àwọn aláṣẹ sì ń sọ pé ọwọ́ wa ò yá.

A wá jẹ́ kí test, ìyẹn ìdánwò code, máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tẹ́nì kan bá gbé code wọlé, a sì ń gbé nǹkan kéékèèké jáde lójoojúmọ́. Èyí tí ò tíì jinná, a ó fi sábẹ́ súìṣì kan nínú code, a ò ní tàn án. Oṣù àkọ́kọ́ le o. Ìṣẹ́jú 40 ni test ń gbà, àwọn kan sì ń fò ó kọjá.

Àdùkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù
Architect ni mí, ẹni tó ń pinnu bí app á ṣe rí nínú, ẹ má lù mí. Mo kọ ìwé olójú-ewé 60 fún àwọn ọmọ wa nígbà kan. Mo há "ẹni tó bá ka ibí yìí, kó wá gba àkàrà lọ́wọ́ mi" sójú ewé 41. Títí dòní, àkàrà mi wà nílẹ̀. Ní báyìí, ojú ewé kan ni: ohun tá a pinnu, ìdí ẹ̀, ohun tá a kọ̀. Mo sì ń jókòó tì wọ́n, a jọ ń kọ code. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti sọ ọ́ láti 1968 pé báwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ náà á ṣe rí. Tiwa, ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kì í kí ara wọn ni. Oníbàárà kan náà wà níbi mẹ́ta, àdírẹ́sì mẹ́ta.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn
Iṣẹ́ tiwa pẹ́, ọ̀gá bá gba èèyàn mẹ́rin sí i. Ta ló máa kọ́ wọn? Èmi náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n ò kọ ìlà kan. Fred Brooks tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá, ní IBM ti kìlọ̀ láti 1975 pé téèyàn bá kún iṣẹ́ tó ti pẹ́, á túbọ̀ pẹ́ ni. Ọ̀gá wa ní ti òyìnbó nìyẹn.

Ọmọ Kẹ́kọ̀ọ́
Ẹ̀gbọ́n Yábàá, ẹ jọ̀ọ́, súìṣì tẹ́ ẹ sọ yẹn, ta ló ń yọ ọ́ tí nǹkan bá ti jinná?

Ọmọ Yábàá
Àbúrò, o fọwọ́ kan ojú egbò. Kí n tó kúrò níbẹ̀, súìṣì tẹ́nì kankan ò yọ ti di 64. Ẹnì kan tan èyí tí ò mọ̀, app bá ń kí gbogbo Èkó kú ọdún Kérésì nínú oṣù Keje.